Òwìwí ńlá: ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fún pa àti ohun tí apá rẹ̀ lè gbé

Ìyá Aládìẹ
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ òwìwí ni mo gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹyẹ àjẹ́ ni, mo ti mọ òwe yẹn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ ẹyẹ yìí ni bó ṣe ń ṣọdẹ àti bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ṣé ó lè gbé ẹtù? (Ẹyẹ ni mo wí o, kì í ṣe ẹtu inú igbó.) Ṣé ó lè gbé ọmọ ewúrẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ? Báwo sì ni èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ló wọlé, kì í ṣe ẹ̀tà, kì í ṣe ejò? Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó sọ ìwọ̀n, kó sọ irú ilẹ̀ tí ẹyẹ náà ń gbé, kó sì sọ ohun tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá jẹun tán. "Ó tóbi gan-an ni" kì í ṣe ìwọ̀n.

Amẹyẹmọ̀
Ẹ ṣé, Ìyá. Ká kọ́kọ́ mọ èyí tí à ń sọ, nítorí orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò jọra.

Èyí tí ojú rẹ̀ funfun bí àwo tánganran, tó ń gbé inú àjà ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe òwìwí ńlá. Bíi gíráàmù 300 ni gbogbo ara rẹ̀. Eku, asín àti ẹyẹ kéékèèké ni oúnjẹ rẹ̀. Òròmọdìẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ló lè gbé. Àgbébọ̀ adìẹ kọjá agbára rẹ̀ pátápátá. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé òun ni wọ́n sábà ń sọ lókò fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Àwọn tí ìyẹ́ méjì nà sókè lórí wọn bí etí ológbò ni ìdílé òwìwí ńlá gan-an. Ìyẹ́ lásán ni nǹkan yẹn o. Etí wọn gangan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ìyẹ́ ló bò ó. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bí èèyàn bá ti kúrò nínú igbó tó ń lọ sí ìhà Ṣakí àti Kwara, èyí tó wọ́pọ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Bubo cinerascens. Ara rẹ̀ rí bí eérú, ó ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 45, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju bí ìdajì kílò lọ. Nínú igbó dúdú, Bubo poensis la ní, gíráàmù 600 sí 800. Ẹyẹ kan tún wà nínú igbó kan náà tó ń tan èèyàn jẹ, Bubo leucostictus. Ó ní "etí" lórí, ó ń wo èèyàn bí ẹni máa gbéni mì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, èékánná rẹ̀ kò lágbára. Aáyán, tata àti àwọn kòkòrò abìyẹ́ ló ń jẹ. Ẹ̀rù lásán ni gbogbo ìrísí yẹn.

Ọ̀gá wọn nílẹ̀ Áfíríkà ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Verreaux pè. Ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 66. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó tó mítà kan ààbọ̀. Akọ rẹ̀ ń wọn kílò kan ààbọ̀ sí méjì, abo lè ju kílò mẹ́ta lọ díẹ̀, torí nínú ìdílé òwìwí, abo ló sábà ń tóbi ju akọ lọ. Àmì tí kò ṣeé ṣì mọ̀ ni ìpéǹpéjú rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Ilẹ̀ ọ̀dàn tó ní igi ńlá ló ń gbé, láti Òkè Ọya lọ dé Kenya títí dé South Africa. Kì í gbé inú igbó kìjikìji. Ẹni tó bá ní òun rí òwìwí oníkílò mẹ́ta nínú igbó Ìjẹ̀bú, kó padà lọ wo ìyẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ìyẹ́ yẹn náà ló ń fa àṣìṣe. Òwìwí eérú ńlá kan wà ní ilẹ̀ òtútù, ní Canada, Finland àti Rọ́ṣíà, tó lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 80. Bí ẹ bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lè má ju kílò kan lé díẹ̀ lọ. Ìyẹ́ ló kù. Èyí tó wúwo jù láyé ni òwìwí ẹlẹ́ja Blakiston, ní erékùṣù Hokkaido ní Japan àti ìlà oòrùn Rọ́ṣíà. Abo rẹ̀ lè tó kílò mẹ́rin ààbọ̀.

Bàbá Ọdẹ
Amẹyẹmọ̀ ti sọ ìwọ̀n, èmi á sọ iṣẹ́. Ẹ̀gùn ni òwìwí ńlá ń gùn, bí ọdẹ. Kì í sáré lé ẹran kiri bí àwòdì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á kúrò níbi tó sùn sí, á wá bà sórí ẹ̀ka tó yọ sí gbangba, létí oko tàbí létí ọ̀nà, níbi tó ti lè rí ilẹ̀ tó mọ́. Á dúró síbẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ kò lè yí nínú ihò ojú bíi tiwa, nítorí náà orí ló ń yí. Eegun ọrùn tiwa jẹ́ méje. Tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlá, ìdí nìyẹn tó fi lè yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá kó sì tún kọjá bẹ́ẹ̀, tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òbíríkítí.

Bó bá ti gbọ́ ìró tàbí rí ohun tó mira, á kọ́kọ́ mi orí sọ́tùn-ún sósì, sókè sílẹ̀. Kì í ṣe eré. Ó ń wọn bí ẹran náà ṣe jìnnà tó ni. Lẹ́yìn náà á já sílẹ̀, apá rẹ̀ á nà gbalaja, kò ní ju apá púpọ̀. Etí ìyẹ́ tó ṣíwájú nínú apá rẹ̀ rí bí eyín ìyàrun, ẹ̀yìn rẹ̀ ní wọ̀ǹwọ̀, òkè rẹ̀ sì rọ̀ bí àrán. Nǹkan mẹ́ta yìí ló ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ tí kò fi pariwo. Ẹran kò ní gbọ́ ọ, òwìwí náà kò sì ní fi ariwo ara rẹ̀ bo ìró ẹsẹ̀ ẹran mọ́lẹ̀. Ìdí kejì yẹn, àwọn èèyàn kì í rántí rẹ̀.

Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kan ẹran, á fa orí sẹ́yìn, á ti ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú síbi tí ojú rẹ̀ ti ń wò tẹ́lẹ̀, á sì di ojú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Èyí tó wà lóde lè yí sẹ́yìn, kó wá di méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, bí ẹni fi ọwọ́ méjì gbá bọ́ọ̀lù mú. Ibi tí ẹsẹ̀ bá bà, ibẹ̀ ló máa fún. Bí ẹran bá ṣì ń jà, á fi àgógó bu ú jẹ ní ìpàkọ́. Òwìwí kì í ríran dáadáa bí nǹkan bá sún mọ́ ọn jù, nítorí náà àwọn irun líle tó yí àgógó rẹ̀ ká ló fi ń tọ́ ẹran wò láti mọ ibi tí orí wà.

Eku tàbí ẹyẹ kékeré, odidi ni yóò gbé e mì, orí ló máa ṣíwájú. Òkété, ehoro, ẹtù, orí àti ọrùn ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Àwọn òwìwí Verreaux tún ní ẹran kan tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹran kékeré ẹlẹ́gùn-ún lára tí àwọn Hausa ń pè ní bushiya. Ó máa ń ká bí bọ́ọ̀lù, ajá pàápàá á fi í sílẹ̀. Òwìwí yìí á fi èékánná gígùn kan án láàárín ẹ̀gún, á bó awọ rẹ̀ kúrò bí ẹni bó ọsàn. Awọ ẹlẹ́gùn-ún tó ṣófo lábẹ́ igi ńlá ni ẹ̀rí pé òun ló ń gbé ibẹ̀. Ó tún ń mú ọ̀fàfà, àdán, àparò àti ọmọ ọ̀bọ.

Ohun tó máa ń bà á lọ́wọ́ jẹ́ ni òjò. Ìyẹ́ tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ta omi dànù dáadáa, ariwo òjò sì ń bo ìró eku mọ́lẹ̀. Koríko tó ga ju orókún lọ kò tún dára fún un. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi sọgbà oko náà ń pa á, torí pé ojú rẹ̀ wà lára ẹran nígbà tó ń já bọ̀, kò sí lára wáyà.

Ọ̀dọ́ Ìgboorò
Bàbá, ẹ kú ìmọ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á níbì kan pé òwìwí lè gbé ohun tó wúwo tó ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Olùkọ́ Físíìsì
Àbúrò, ọ̀rọ̀ yẹn wọ́pọ̀, ohun méjì ló dà pọ̀ níbẹ̀: kí ẹyẹ pa nǹkan, àti kí ẹyẹ gbé nǹkan fò. Òwìwí lè pa ẹran tó wúwo jù ú lọ dáadáa. Láti gbé e fò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òwìwí oníkílò méjì mú ẹtù oníkílò kan àti ìdá mẹ́ta lórí ẹ̀ka igi. Apá tí ń gbé kílò méjì tẹ́lẹ̀ ti wá ní kílò mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta láti gbé. Bó bá jẹ́ láti orí igi ló ti gbéra, ó lè fi apá nínà rọra ṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí igi mìíràn tó rẹlẹ̀, torí gíga tó wà ló ń ràn án lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ láti ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ju apá gidi, iṣan àyà òwìwí kò sì pọ̀ tó ti ẹyẹlé ní ìfiwéra pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìwọ̀n tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Ẹran tó bá tó ìdajì ìwọ̀n ẹyẹ, á gbé e lọ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá tó ìwọ̀n rẹ̀, á fò nílẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, á sinmi, tàbí kó wọ́ ọ lọ sábẹ́ igbó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tó pa á sí ni yóò ti jẹ ẹ́, á jẹ èyí tó lè jẹ, á gé orí tàbí itan gbé lọ.

Ìyá Aládìẹ, ọmọ ewúrẹ́ wa kúkúrú, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, máa ń wọn kílò kan àti díẹ̀. Òwìwí ọ̀dàn onídajì kílò kò lè gbé e, kò tilẹ̀ ní sún mọ́ ọn. Verreaux tó jẹ́ abo lè pa ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kó wá gbé e fò kọjá òrùlé, rárá.

Ibi tí agbára òwìwí wà ni ẹsẹ̀. Wọ́n wọn ti òwìwí oníwo ńlá ti Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sábà ju kílò kan ààbọ̀ sí méjì lọ: ìfúnpọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ìwúwo kílò 13. Kílò 13 lórí àtẹ́lẹwọ́ kò ní pa èèyàn lára. Ẹ wá gbé e lé orí èékánná mẹ́rin tí ṣóńṣó wọn dà bí abẹ́rẹ́. Ó tún ní ohun mìíràn: iṣan tó ń ká ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí eyín ayùn, inú ọ̀pá tó ń gbà kọjá náà sì ní ìlà tó bá a mu. Bó bá ti fún nǹkan mú, eyín méjèèjì á kọ́ ara wọn. Á wà bẹ́ẹ̀ láìlo agbára kankan. Ìdí nìyẹn tí òwìwí fi lè sùn lórí ẹ̀ka láìjábọ́, tí ẹran tó mú kò sì fi lè dúró de ìgbà tó máa rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀dọ́ Ìgboorò
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Etí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni pé kò nílò ìmọ́lẹ̀ rárá?

Olùkọ́ Físíìsì
Òwìwí àjà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi dán ìyẹn wò. Roger Payne, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe iṣẹ́ náà: iyàrá tó ṣókùnkùn biribiri, eku tó ń rìn nílẹ̀, òwìwí sì mú un. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òórùn ni tàbí ooru ara eku, wọ́n fi okùn wọ́ bébà tó ń dún. Bébà ni òwìwí bà lé. Ìdí ni pé ihò etí rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ. Ìró tó bá ti ìsàlẹ̀ wá kò dún bákan náà nínú méjèèjì, ọpọlọ rẹ̀ á sì fi ìyàtọ̀ yẹn mọ òkè mọ ìsàlẹ̀. Àwọn òwìwí ńlá oníwo kò ní ìyàtọ̀ etí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ojú àti etí ni wọ́n jọ ń lò, wọ́n sì nílò ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ìràwọ̀.

Ará Ìlú Ọba
Mo fẹ́ fi ti àwọn tó ń sin ẹyẹ ọdẹ níbí kún un. Òwìwí idì ti Yúróòpù ni wọ́n sábà ń gbé ka ọwọ́ níbi ìpàtẹ. Abo rẹ̀ lè kọjá kílò mẹ́rin. Ìbọ̀wọ́ awọ lásán, irú tí àwọn ológbà ń lò, kò tó fún un. Awọ ìlọ́po méjì ni, ó sì gbọ́dọ̀ gùn dé ìgúnpá, torí èékánná ẹ̀yìn máa ń wá ọrùn ọwọ́.

Òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ gbogbo. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọn ẹyẹ náà kó tó jẹun, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá yó jù, á bà sórí igi, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó bá rù jù, kò ní lágbára, àrùn á sì wọlé sí i lára. Oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́ máa ń tó gíráàmù 200 sí 300: òròmọdìẹ ọjọ́ kan, eku, ehoro tòun ti irun àti eegun. Ẹran gígé láìsí eegun á mú kí eegun ara rẹ̀ rọ̀, kò sì ní rí irun àti eegun tó máa ń pọ̀ jáde lẹ́nu.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kọ́ mọ́ èèyàn lára, ẹ má ṣe fa ìka rẹ̀ o. Bẹ́ẹ bá ń fà á, á túbọ̀ máa fún ni. Ẹ dì í mú, ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ọ́ láti orókún. Bí ẹsẹ̀ bá ti nà, iṣan á dẹ̀, ìka á ṣí. Òkùnkùn náà ń ràn án lọ́wọ́: ẹ da aṣọ bò ó lórí, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀.

Dókítà Ẹran
Ẹ káàárọ̀ o. Ìbéèrè Ìyá Aládìẹ nípa ẹni tó pa adìẹ ló kàn mí. Ẹ wo òkú kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ má sì gbá ilẹ̀.

Òwìwí ńlá: òru ló pa á, ẹyọ kan ṣoṣo ló sábà ń jẹ́. Orí àti ọrùn ti lọ, tàbí wọ́n ti jẹ àyà láti òkè wá. Ihò kéékèèké tó jinlẹ̀ á wà lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, lábẹ́ ìyẹ́. Ẹ ṣí ìyẹ́ kí ẹ tó rí i. Ìgbẹ́ funfun bí ẹfun á wà nítòsí, lára ògiri tàbí lábẹ́ igi.

Àṣá: ọ̀sán ni. Ìyẹ́ tí wọ́n fà tu á pọ̀ ní ojú kan, á yí ká bí òbíríkítí.

Ẹ̀tà àti àwọn ẹbí rẹ̀: adìẹ púpọ̀ ló ń kú lóru kan. Ojú eyín méjì méjì á wà ní ọrùn, ìyẹ́ á fọ́nká, wọ́n á sì gbé ọ̀kan lọ nílẹ̀, ẹ ó rí ipasẹ̀ bí wọ́n ṣe wọ́ ọ.

Ejò: ẹyin ń dín kù, èèpo rẹ̀ kò sí. Tàbí òròmọdìẹ kú, orí rẹ̀ sì tutù fún itọ́, torí ejò ti gbé e mì dé ìdajì kó tó pọ̀ ọ́ nítorí apá.

Ìjàlọ kò ṣòro mọ̀: egungun ló máa ń kù.

Adìẹ tó kú sí igun ilé tí kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe òwìwí ló pa á tààrà. Òwìwí bà sórí àwọ̀n, jìnnìjìnnì bá wọn, wọ́n kó jọ lé ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí èémí mí. Nínú ilé tí adìẹ pọ̀ sí, àwọn tó ń kú báyìí lè ju èyí tí òwìwí jẹ lọ.

Ẹni tí òwìwí bá gún, ojú ọgbẹ́ kéré ṣùgbọ́n ó jìn, ìdọ̀tí ẹran tó jẹ wà ní ìdí èékánná. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má ṣe di ojú rẹ̀ pa, kẹ́ ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá (tetanus) bó bá ti pẹ́ tí ẹ gbà á kẹ́yìn. Òwìwí kì í gbé àrùn dìgbòlugi, ẹ̀rù yẹn kò sí.

Káfíńtà Ilé Adìẹ
Kí n tẹ̀lé Dókítà. Àwọ̀n onírin tí ihò rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ ni kẹ́ ẹ rà. Àwọ̀n apẹja kò dára: ẹsẹ̀ òwìwí á kọ́ ọ, á so kọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ó wá ní ìṣòro méjì. Orí ọgbà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bò. Ọ̀pọ̀ ń sọ ẹ̀gbẹ́ ní mítà méjì, wọ́n á fi òkè sílẹ̀ gbayawu bí ẹni tí kò mọ ibi tí ẹyẹ ń gbà wọlé. Ẹ fi pákó tín-ín-rín tẹ etí àwọ̀n mọ́lẹ̀, kí ìṣó má jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ìṣó nìkan láìsí pákó, àwọ̀n á ya lára rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti páànù fún afẹ́fẹ́, àwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi bò ó, ẹ má fi pákó dí i, torí ooru náà ń pa adìẹ. Ọ̀pá tí adìẹ ń bà sí nínú ilé, ẹ jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí àwọ̀n, torí ẹsẹ̀ òwìwí lè wọlé láti ìta bí ihò bá fẹ̀. Igun ilé, ẹ fi pákó gé e ní ìyípo, kí wọ́n má rí ibi kó jọ sí.

Ìmọ́lẹ̀ iná tí kì í kú kò lé òwìwí. Kòkòrò ló ń pè, kòkòrò ń pe ọ̀pọ̀lọ́ àti eku, eku sì ń pe òwìwí. Ọkùnrin oníkoríko tí wọ́n ń gbé sínú oko náà, ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò, lẹ́yìn náà òwìwí á bà lé e lórí.

Ilẹ̀kùn ni kókó. Kó ti wà ní títì kí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹtù ló le jù, torí orí igi ló fẹ́ sùn. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ ni kí ẹ ti máa da ọkà bàbà fún wọn nínú ilé, inú ilé nìkan, kí ẹ má sì já a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá já a lọ́jọ́ méjì péré, igi ni wọ́n ń padà sí.

Ìyá Aládìẹ
Káfíńtà, òótọ́ lẹ sọ lórí ọ̀rọ̀ iná yẹn! Owó iná oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ṣòfò.

Apẹja Etí Odò
Ẹ ti gbàgbé èyí tó ń jẹ ẹja. Scotopelia peli, pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 60, ìwọ̀n rẹ̀ tó bí kílò méjì. Létí odò tó ní igi ńlá tó bò ó lórí ló ń gbé. Wọ́n fi orúkọ Pel pè é, ọ̀gá àwọn ará Holland ní etíkun Ghana láyé àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ìyẹ́ bí ti àwọn yòókù, torí ìyẹ́ tó bá tutù á wúwo. Abẹ́ ìka rẹ̀ ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ń di ẹja tó ń yọ̀ mú. Ìyẹ́ apá rẹ̀ kò ní eyín ìyàrun tí Bàbá Ọdẹ sọ, ó máa ń pariwo bó bá ń fò, kò sì dùn ún, ẹja inú omi kò gbọ́ ọ. Ìgbì wẹ́wẹ́ ojú omi ló ń wò láti orí ẹ̀ka tó rẹlẹ̀. Ẹja gíráàmù 100 sí 200 ló sábà ń mú, ṣùgbọ́n ó lè mú èyí tó tó kílò méjì, àyàfi pé ó gbọ́dọ̀ wọ́ irú ìyẹn dé èbúté ni. Kì í lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ẹja. Ẹja tó wà lókè omi nìkan ló ń rí. Bí omi odò bá ti dàrú lẹ́yìn òjò, ebi ń pa á.

Ọmọ New York
Ní ti agbára àbínibí, ẹ rántí Flaco, òwìwí idì tó jáde ní Central Park Zoo ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2023 lẹ́yìn tí ẹnì kan gé àwọ̀n àgọ́ rẹ̀. Inú àgọ́ ló ti dàgbà láti 2010, kò ṣọdẹ rí, wọ́n sì rò pé ebi yóò pa á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ń mú eku. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ mọ̀ nítorí pé ó pọ irun àti eegun. Ó gbé ìgboro fún ọdún kan ó lé díẹ̀, ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2024. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n bá àrùn tó ti ara ẹyẹlé wá, wọ́n sì bá oríṣi májèlé eku mẹ́rin, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Ẹ̀yin tó ń fi oògùn eku sínú ilé adìẹ, ẹ kíyè sí i. Eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń rìn gbéregbère fún ọjọ́ mélòó kan ní gbangba. Irú eku bẹ́ẹ̀ ni òwìwí ń rí mú jù. Pańpẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Òwìwí tó kú kò ní bá yín jẹ eku ọdún tó ń bọ̀.

Amẹyẹmọ̀
Ọmọ New York ti mẹ́nu ba ohun tó ń pọ̀, kí n fi ìyẹn kún un, torí òun lẹ fi lè mọ ohun tí òwìwí àdúgbò yín ń jẹ láìrí i. Oje inú ikùn òwìwí kò le tó ti àṣá, eegun kì í yòrò nínú rẹ̀. Irun, ìyẹ́ àti eegun á di ìṣù kan, á sì pọ̀ ọ́ jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kó tó lè jẹ òmíràn. Ti òwìwí àjà máa ń dúdú, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, gígùn rẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ti àwọn ńlá gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Láti rí ibi tó wà, ẹ tẹ́tí sí ẹyẹ wẹ́wẹ́ lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá kó jọ sórí igi kan tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n sì ń fò yí ojú kan náà ká, òwìwí tàbí ejò ló wà níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ igi náà fún ẹfun funfun. Ẹ ṣa ìṣù mẹ́wàá, ẹ rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná fún wákàtí kan, ẹ fi igi ìtayín méjì tú wọn lórí bébà. Agbárí ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe eegun ẹsẹ̀. Eyín iwájú tó pupa rúsúrúsú, eku ni. Agbárí tó mú ṣóńṣó tí eyín rẹ̀ jẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, asín ni. Àgógó ẹyẹ hàn kedere. Bí ẹ bá rí èékánná adìẹ nínú méjì lára mẹ́wàá, ẹ lọ bá Káfíńtà. Bó bá jẹ́ eku ni gbogbo mẹ́wàá, ẹ fi igi náà sílẹ̀, ẹ má gé e.